Ìbú àti Òòró Ayé: Ìdí tí Oòrùn Fi Ń Wọ̀ ní Máídúgùrí Ṣáájú Èkó

Lọ́dọọdún, bí ààwẹ̀ Rámádáánì bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan a máa jẹ yọ láàrin àwọn ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jí-ire tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé lọ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa. Ẹni tí ń gbé Máídúgùrí a ti ṣínu, a ti kírun Màgáríbà, a sì ti jókòó ti oúnjẹ alẹ́, kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ará ilé rẹ̀ tí ń bẹ ní Èkó pé oòrùn kò tíì wọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Aago ọwọ́ àwọn méjèèjì bára mu. Orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n ń gbé, oòrùn kan ṣoṣo ni Olódùmarè sì dá. Kí ló wá dé tí ilẹ̀ fi ṣú fún ọ̀kan tí kò ṣú fún èkejì?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn rẹ̀. Bí ará Èkó bá gbọ́ ìpè ìrun ìrọ̀lẹ́ láti Máídúgùrí lórí rédíò, tí ó sì fi omi kan ẹnu, ààwẹ̀ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run lọ́dọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni ará Máídúgùrí tí ó bá ń tẹ̀lé aago tí àwọn ará Èkó fi ń dáwọ́ sààrì dúró, yóò máa jẹun lọ lẹ́yìn tí àfẹ̀mọ́júmọ́ ti là. Àwọn méjèèjì ní ìgbàgbọ́, wọ́n sì ní aago. Ohun tí ó kù fún wọn ni ìmọ̀ ibi tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ ayé. Ìmọ̀ náà kò jìnnà. Ó wà lára àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fà sórí àwòrán ayé tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sára ògiri ilé ìwé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bojú wò mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde ìwé mẹ́fà.

Ọsàn lọ́wọ́ olọ́sàn

Nígbà tí àwọn àgbà bá fẹ́ sọ pé ìròyìn kan tàn dé ibi gbogbo, wọn a ní ó kárí ilẹ̀ níbùú-lóòró. Ọ̀rọ̀ méjì yìí gan-an ni àwòrán ayé dúró lé lórí. Ìlà ìbú ni èyí tí ó dùbúlẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ìlà òòró ni èyí tí ó dúró ṣánṣán láti àríwá lọ sí gúúsù. Kò sí ẹni tí yóò rí wọn bí ó bá ń rin ilẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n fi ọgbọ́n fà wọ́n, kí a lè fi òǹkà méjì péré tọ́ka sí ibikíbi lábẹ́ ọ̀run.

Ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwòrán rẹ̀. Roboto ni ó rí, bí ọsàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlà méjì yìí ṣe yàtọ̀ síra, kí ó lọ wo obìnrin olọ́sàn nídìí àtẹ. Yóò gbé ọ̀bẹ lé ọsàn, yóò sì máa yí i, èèpo yóò máa bọ́ yí i ká. Ipa tí ọ̀bẹ ń fi sára ọsàn bí ó ṣe ń yí i ká ni ó dà bí ìlà ìbú. Èyí tí ó gba àárín ni ó tóbi jù lọ. Bí ó bá ṣe ń sún mọ́ orí tàbí ìdí ọsàn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kéré sí i, títí yóò fi di ojú kan ṣoṣo. Ìlà ìbú kan kì í pàdé èkejì láéláé.

Bí wọ́n bá wá bó ọsàn náà dé inú, awẹ́ rẹ̀ yóò hàn. Ìlà tí ó pààlà sí àárín awẹ́ kan àti èkejì ni ó dà bí ìlà òòró. Gbogbo wọn ló gùn dọ́gba, gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ láti orí tí wọ́n sì parí sí ìdí. Wọ́n jìnnà síra ní agbedeméjì, ṣùgbọ́n wọ́n pàdé ní ìkángun méjèèjì. Nítorí èyí ni digírì kan ní òòró fi lé ní 110 kìlómítà nítòsí agbedeméjì ayé, tí kò sì ju nǹkan bí 69 kìlómítà lọ ní ibi tí Lọ́ńdọ̀nù wà.

Ìbú, láti agbedeméjì ayé lọ

Ìlà ìbú tí ó gba àárín gbùngbùn ayé ni wọ́n ń pè ní ìlà agbedeméjì ayé. Òdo ni òǹkà rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìbú lọ sí àríwá títí dé 90, tí wọ́n sì tún ń kà á lọ sí gúúsù títí dé 90. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan òǹkà yìí ni wọ́n ń pè ní digírì. Digírì kan tún pín sí ọ̀nà 60, tí wọ́n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìṣẹ́jú aago. Ẹni tí ó bá yí ayé po láti àríwá dé gúúsù títí ó fi padà dé ibi tí ó ti gbéra, yóò rin nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Bí a bá pín iye yìí sí ọ̀nà 360, nǹkan bí 111 kìlómítà ni yóò kan digírì ìbú kan.

Ìlà agbedeméjì ayé kò kan ilẹ̀ Nàìjíríà. Inú òkun tí ó wà ní gúúsù wa ni ó gbà, ó kan erékùṣù kékeré kan tí í ṣe ti orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe, kí ó tó wọ ilẹ̀ Gabon, Kóńgò méjèèjì, Ùgáńdà, Kẹ́ńyà àti Sòmálíà. Àárín digírì 4 àti digírì 14 ní àríwá ìlà yìí ni gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà wà. Èkó wà ní digírì 6 àti ìṣẹ́jú 27, Ìbàdàn ní digírì 7 àti ìṣẹ́jú 23, Ìlọrin ní digírì 8 àti ìṣẹ́jú 30, Jọ́ọ̀sì ní digírì 9 àti ìṣẹ́jú 55, Kàdúná ní digírì 10 àti ìṣẹ́jú 31, Kánò ní digírì 12 gééré, Sókótó sì wà ní digírì 13 àti ìṣẹ́jú 4. Ẹni tí ó bá yọ òǹkà Èkó kúrò nínú ti Kánò yóò rí i pé digírì 5 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù, èyí tí ó ju 600 kìlómítà lọ bí a bá ń lọ sí àríwá tààrà. Ojú títì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí Kánò tún yà sí ìlà-oòrùn, ọ̀nà kì í sì í ṣe okùn tí a nà.

Ìbú ni ó ń sọ bí oòrùn yóò ṣe rìn lórí ẹni. Láàrin ọdún kan, oòrùn a máa lọ sí àríwá títí dé digírì 23 àti ìṣẹ́jú 26 nínú oṣù kẹfà, a ó sì padà lọ sí gúúsù dé ìwọ̀n kan náà nínú oṣù kejìlá. Gbogbo ìlú tí ó wà láàrin ààlà méjèèjì ni oòrùn máa ń dúró lé lórí gan-an ní ọ̀sán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní Èkó, èyí máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní Jọ́ọ̀sì, àárín oṣù kẹrin àti òpin oṣù kẹjọ ni. Ní Kánò, ó máa ń bọ́ sí àyíká ọjọ́ 21 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ. Ẹni tí ó bá ri igi ṣánṣán mọ́lẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ní ọ̀sán gangan, òjìji igi náà wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pátápátá. Ọmọ wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí irú èyí láéláé, nítorí digírì 51 àti ààbọ̀ ni ìbú ibẹ̀, oòrùn kì í sì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ìbú náà ni ó ń sọ bí ọjọ́ ṣe ń gùn sí. Nínú oṣù kẹfà, ojúmọ́ Kánò a máa fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú gùn ju ti Èkó lọ. Nínú oṣù kejìlá, ti Èkó ni ó máa ń fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ti Kánò. Ní ìlú Salvador ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ Yorùbá pọ̀ sí, òǹkà ìbú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Sókótó: digírì 13 ó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n gúúsù ni tiwọn wà, nítorí náà, nígbà tí ojúmọ́ bá ń gùn sí i ní Sókótó, ńṣe ni ó ń kúrú sí i ní Salvador. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí ń tọ́ka sí àríwá tàbí gúúsù ni ó pààlà sí àárín ìlú méjèèjì.

Òòró, àti ibi tí òǹkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ìbú ní ibi tí Ẹlẹ́dàá fún un láti máa bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Ayé ń yí lórí ara rẹ̀, agbedeméjì rẹ̀ sì hàn gbangba. Òòró kò ní irú rẹ̀. Gbogbo awẹ́ ọsàn ló dọ́gba, kò sì sí èyí tí ó lè pe ara rẹ̀ ní àkọ́bí. Nítorí náà, fún ìgbà pípẹ́, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ka òòró láti ibi tí ó wù ú. Faransé ń kà á láti Páríìsì, Gẹ̀ẹ́sì ń kà á láti Greenwich lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25 péjọ sí Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti fi ẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná. Orílẹ̀-èdè 22 dìbò fún Greenwich, San Domingo nìkan ni ó ta kò ó, Faransé àti Brazil kò sì dìbò rárá. Kì í ṣe pé ilẹ̀ Greenwich ní àmì kan tí àwọn yòókù kò ní. Ohun tí ó gbè é lẹ́sẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọkọ̀ tí ń rin òkun nígbà náà ni ó ti ń lo àwòrán tí wọ́n kà láti ibẹ̀. Liberia nìkan ni ìjọba àwọn aláwọ̀ dúdú láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ní aṣojú nínú ìpàdé náà.

Síbẹ̀, ìlà tí wọ́n yàn yìí kò jìnnà sí wa. Láti Greenwich ó gba ilẹ̀ Faransé àti Spéìn kọjá, ó la Algeria, Mali àti Burkina Faso, ó wọ ilẹ̀ Ghánà, ó sì bọ́ sínú òkun ní ìlú Tema, níbi tí àwọn ará Ghánà ní èbúté ńlá kan. Bí ọkọ̀ bá gbéra láti Tema tí ó sì ń lọ sí gúúsù tààrà, lẹ́yìn 600 kìlómítà ó lé díẹ̀ yóò dé ibi tí òdo ìbú àti òdo òòró ti pàdé. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, omi ni yí ká. Inú òkun kan náà tí ń fọ́ sí etí Èkó, Àgbádárìgì àti Kàlàbá ni gbogbo òǹkà ayé ti bẹ̀rẹ̀.

Láti òdo yìí, wọ́n ń ka òòró lọ sí ìlà-oòrùn títí dé 180, àti sí ìwọ̀-oòrùn títí dé 180. Ìhà ìlà-oòrùn ni gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà wà, láàrin digírì 2 àti digírì 15.

Òòró ni ó ń pín àkókò

Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24, digírì 360 ni ó sì fi ń yí. Bí a bá pín 360 sí ọ̀nà 24, digírì 15 ni yóò kan wákàtí kan. Bí digírì 15 bá jẹ́ wákàtí kan, a jẹ́ pé digírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú aago mẹ́rin. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ayé sì ń yí, nítorí náà ẹni tí ó wà ní ìlà-oòrùn ni yóò kọ́kọ́ rí oòrùn, òun náà ni oòrùn yóò sì kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Ìdáhùn fún ará Máídúgùrí àti ará Èkó nìyí. Òòró Èkó jẹ́ digírì 3 àti ìṣẹ́jú 24. Ti Máídúgùrí jẹ́ digírì 13 àti ìṣẹ́jú 9. Àárín méjèèjì jẹ́ digírì 9 àti ìṣẹ́jú 45. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ìṣẹ́jú aago 39 ni yóò jẹ́. Ìwọ̀n yìí ni oòrùn Máídúgùrí fi ń ṣáájú ti Èkó bí a bá ń sọ ti òòró nìkan. Ṣùgbọ́n ìbú náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú oṣù kẹfà, nígbà tí ojúmọ́ Máídúgùrí gùn ju ti Èkó lọ, àlàfo ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ní ìlú méjèèjì a dín kù sí nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú oṣù kejìlá, a fẹ̀ tó nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ní òwúrọ̀, òdì kejì èyí ni: nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú nínú oṣù kẹfà, nǹkan bí ọgbọ̀n nínú oṣù kejìlá. Nítorí pé oṣù Rámádáánì ń yí po láàrin ọdún, ẹni tí ó bá há àlàfo ti ọdún kan sórí kò lè fi ṣe ìwọ̀n ní gbogbo ọdún.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí aago Èkó àti ti Máídúgùrí fi bára mu? Ìdí rẹ̀ ni pé ìjọba kò lè jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa lo aago tirẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kò ní mọ ìgbà tí yóò gbéra, àwọn ilé ìfowópamọ́ kò sì ní mọ ìgbà tí wọn yóò ṣílẹ̀kùn. Láti ọdún 1919 ni Nàìjíríà ti ń lo aago tí ó fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich. Aago yìí jẹ́ ti ìlà òòró digírì 15, ìlà náà kò sì kan ibì kankan lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìhà òdìkejì ààlà wa ní ìlà-oòrùn ni ó gbà. Ohun tí èyí fi hàn ni pé kò sí ìlú kan ní Nàìjíríà tí oòrùn rẹ̀ bá aago mu tán, bí a bá ka ti gbogbo ọdún pọ̀. Ní Máídúgùrí, nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 7 ni oòrùn máa ń dé òkè téńté. Ní Kánò, ó di aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 26. Ní Èkó, ó di aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 46. Oòrùn fúnra rẹ̀ a máa yá tàbí kí ó falẹ̀ díẹ̀ bí ìgbà ṣe ń yí, a sì tó ìṣẹ́jú 16 nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n àlàfo tí ó wà láàrin ìlú kan àti èkejì kì í yí padà ní ti ọ̀sán gangan.

Kánò àti Kàlàbá fi èyí hàn kedere. Ìlú méjèèjì jìnnà síra tó nǹkan bí 780 kìlómítà. Ọ̀kan wà ní etí aṣálẹ̀, èkejì wà nínú igbó àti omi. Ṣùgbọ́n òòró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan: digírì 8 àti ìṣẹ́jú 31 ni ti Kánò, digírì 8 àti ìṣẹ́jú 19 ni ti Kàlàbá. Kò pé ìṣẹ́jú aago kan tí ọ̀sán gangan ìlú kan fi ṣáájú ti èkejì.

Aago tí ó gba ẹ̀mí là

Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ti mọ ìbú wò tipẹ́. Wọ́n ń wo ìwọ̀n gíga oòrùn ní ọ̀sán, wọ́n sì ń wo ìràwọ̀ àríwá ní òru. Òòró ni ó ṣòro fún wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1707, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí Ọ̀gágun Cloudesley Shovell ń darí ṣìnà lójú òkun, mẹ́rin nínú wọn sì forí sọ àpáta ní erékùṣù Scilly. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó bá omi lọ, ọ̀gágun náà sì wà lára wọn. Ní ọdún 1714, ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ẹni tí ó bá rí ọ̀nà tí ó dájú láti mọ òòró lójú òkun yóò gba ẹ̀bùn tí ó tó 20,000 pọ́n-ùn.

John Harrison, tí iṣẹ́ káfíńtà ni ó kọ́kọ́ kọ́, ni ó rí ọ̀nà náà. Ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá gbé aago tí kò parọ́ láti ilé, tí atukọ̀ sì ń wo ìgbà tí oòrùn dé òkè téńté níbi tí ó wà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yóò sọ òòró fún un: ìṣẹ́jú mẹ́rin, digírì kan. Aago rẹ̀ kẹrin, tí ó parí ní ọdún 1759, ni wọ́n gbé lọ sí Jàmáíkà láti dán an wò. Nígbà tí ọkọ̀ dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1762, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni aago náà fi sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni òòró ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn atukọ̀.

Ìlà tí ó la ọmọ ìyá níyà

Ìlà tí a kò lè fojú rí lè ṣe ohun tí ojú rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé kan ní Páríìsì láti pààlà sí àárín ìpín wọn ní ìhà wa. Wọ́n kọ ọ́ pé ààlà náà yóò tẹ̀lé ìlà òòró tí ó gba odò Àjàrá kọjá ní ilẹ̀ Àjàṣẹ́, tí àwọn Pọtogí ń pè ní Porto-Novo. Pé Ìpókíá yóò jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Àti pé ìlà náà yóò lọ sí àríwá títí dé digírì 9 ìbú, kí ó sì dúró síbẹ̀. Kò sí Aláketu, kò sí Ọba Sábẹ, kò sí ẹnikẹ́ni láti ilẹ̀ Yorùbá tí ó jókòó ti tábìlì náà. Kétu gan-an kò tíì bọ́ nínú ìbànújẹ́ nígbà náà, nítorí ogun Dahomey ti kó o ní ọdún 1886.

Kétu àti Sábẹ bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn ìlà náà, wọ́n di ti Faransé, wọ́n sì wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Kétu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bọ́ sí ìlà-oòrùn, ó di ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò tó ìdajì digírì tí ó wà láàrin Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ìdajì digírì yìí ni ó sọ pé ọmọ kan yóò kọ́ èdè Faransé ní ilé ìwé, tí ọmọ ìyá rẹ̀ yóò sì kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò parí sí ayé àtijọ́. Àwọn tí ń gbé ìpínlẹ̀ Borno kò ní gbàgbé ẹjọ́ tí Kàmẹrúùnù àti Nàìjíríà gbé lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague. Nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002, ilé ẹjọ́ sọ pé ibi tí ààlà ti bẹ̀rẹ̀ nínú Adágún Chad jẹ́ òòró digírì 14 àti ìṣẹ́jú 5, ní ìbú digírì 13 àti ìṣẹ́jú 5, bí a bá yọ ti ìdá kékeré tí ó tẹ̀lé e. Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ láti Nàìjíríà ti tẹ̀lé omi adágún náà bí ó ṣe ń fà sẹ́yìn, wọ́n sì ti tẹ abúlé dó, irú bí Darak. Òǹkà méjì yìí fi hàn pé ilẹ̀ Kàmẹrúùnù ni wọ́n kọ́lé sí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, Nàìjíríà kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ilé kò kúrò lójú kan, ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ kò sì kúrò, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè yí padà lórí wọn.

Bí a ṣe ń ka òǹkà náà

Lóde òní, tẹlifóònù alágbèéká tí ń bẹ nínú àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn lè sọ ìbú àti òòró wọn láàrin ìṣẹ́jú àáyá, nítorí ó ń gbọ́ àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé ká. Ohun tí ó kù ni kí ènìyàn mọ ohun tí òǹkà náà ń wí. Ìbú ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, òòró a sì tẹ̀lé e. Lẹ́tà N dúró fún àríwá, S fún gúúsù, E fún ìlà-oòrùn, W fún ìwọ̀-oòrùn. Nígbà mìíràn, tẹlifóònù kì í kọ ìṣẹ́jú, ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ó máa ń lò. Bí ó bá kọ 9.92, 8.88, Jọ́ọ̀sì ni ó ń wí.

Ẹni tí ó bá gbé ìkejì síwájú ìkíní yóò ṣìnà. Bí ó bá yí ti Jọ́ọ̀sì padà sí 8.88, 9.92, yóò bá ara rẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí Jọ́ọ̀sì tó nǹkan bí 160 kìlómítà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Bí ó bá yí ti Èkó padà, àárín òkun ni yóò bá ara rẹ̀, ní gúúsù ibi tí Odò Ọya ti ń wọnú òkun. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó ra ilẹ̀ sí ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí ìwé àwọn awọnlẹ̀ òde òní kì í sábà ṣaláìní òǹkà wọ̀nyí. Ó dára kí ẹni tí ń rà á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró sórí ilẹ̀ náà, kí ó wo òǹkà tí tẹlifóònù rẹ̀ gbé jáde, kí ó sì fi wé ti inú ìwé, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá pè ní Nàìjíríà tí lẹ́tà S tàbí W wà lára òǹkà rẹ̀, irọ́ ni tàbí àṣìkọ.

Kí ẹni tí ń wo àwòrán ayé tún mọ ohun kan. A kò lè tẹ́ èèpo ọsàn pẹrẹsẹ láìjẹ́ pé ó fàya. Nígbà tí Gerardus Mercator ya àwòrán tirẹ̀ ní ọdún 1569, ó na ìlà òòró kí wọ́n má ṣe pàdé, kí ọ̀nà lè rọrùn fún àwọn atukọ̀ láti tọ̀. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Greenland, tí ó wà lápá òkè, fi ń dà bí ẹni pé ó tó Áfíríkà lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi tó Greenland lọ́nà mẹ́rìnlá. Kí a gba òǹkà inú àwòrán gbọ́, ṣùgbọ́n kí a má fi ojú lásán díwọ̀n ilẹ̀.

Ní ti ààwẹ̀, ìlànà rẹ̀ kò le. Oòrùn ìlú tí ènìyàn wà ni yóò máa wò, kì í ṣe ti ìlú tí ó ti wá, kì í sì í ṣe ti ìlú tí rédíò ti ń sọ̀rọ̀. Ará Ìlọrin tí ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Yólà yóò bá àwọn ará Yólà ṣínu. Ní ọjọ́ tí ó bá padà dé Ìlọrin, yóò ní sùúrù nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i kí ó tó fi omi kan ẹnu. Àwọn baba wa kò ya àwòrán ayé, wọn kò sì ka digírì, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ pé ibi tí ayé bá bá ni ni à ń jẹ ẹ́.